Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àyẹ̀wò àwọn ohun tí a fi ń bójú tó ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Àbújá

Ohun tó ń pa ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ olówó-oṣù kì í sábà jẹ́ àìsí èèyàn. Èèyàn wà ní Àbújá: àwọn tó ń kọ àlàyé API (ọ̀nà tí sọ́fítíwíà kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀) fún iléeṣẹ́ tó ní áàpù ìfowóránṣẹ́, àwọn tó ń kọ ìwé ìlò fún sọ́fítíwíà ìjọba, àwọn tó ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún àjọ aláàánú ní Maitama, ní Utako, ní Jabi. Ohun tó ń pa ẹ̀ka ni pé ẹnì kan kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Orí síìmù rẹ̀ ni nọ́ńbà WhatsApp ẹgbẹ́ wà, òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì, àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ ń wọ̀.

Àbújá sì ni ìlú tí irú èyí ti rọrùn láti ṣẹlẹ̀. Ọdún kan ni àgùnbánirọ̀ fi ń sìn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìwé ẹ̀rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè gba lẹ́tà ìgbésípò lọ́la. Ẹni tó ń bá àjọ àjòjì ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí owó iṣẹ́ náà bá tán ni tirẹ̀ náà tán. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo la fi wọn gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò níbí: bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ bá lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè máa bá iṣẹ́ lọ ní Mọ́ńdè láìpe ẹnikẹ́ni? Kí nǹkan rọrùn lò, kó sì lẹ́wà, ó dáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la kọ́kọ́ ń wò. Máàkì tó ga jù jẹ́ 5.

WhatsApp (3) àti Telegram (4)

Ṣàṣà ni ẹni tí ẹ máa pè sínú ẹgbẹ́ tí kò ní WhatsApp, iyì rẹ̀ sì nìyẹn. Ìkéde tí ẹ bá fi síbẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ọ̀pọ̀ ti kà á. Gúrúùpù kan gba èèyàn 1,024. Ẹ̀ka tuntun kò lè kún un. Àmọ́ bí ádímìn kan ṣoṣo tó wà nínú gúrúùpù bá jáde, WhatsApp fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹlòmíràn sípò, kò sì ní bi yín léèrè ẹni tí ẹ fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ádímìn jẹ́ mẹ́ta láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì tò ó kó jẹ́ pé ádímìn nìkan ló lè yí orúkọ àti àwòrán gúrúùpù padà.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà tí ẹgbẹ́ fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn wà lórí síìmù, síìmù náà sì so mọ́ NIN ẹnì kan. Bí ó bá wà ní ilẹ̀ fún 180 ọjọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fi pe èèyàn, láìfi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, láìra dátà, òfin NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, gba iléeṣẹ́ tó ni ín láyè láti pa á. Bí ó bá tún fi 180 ọjọ́ mìíràn wà bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbà á kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rà á ni kóòdù ìwọlé ẹgbẹ́ yóò máa lọ bá. Àkáǹtì WhatsApp fúnra rẹ̀ kì í tilẹ̀ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó fún 120 ọjọ́, wọ́n á pa á rẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Ẹ ra síìmù kan fún ẹgbẹ́, kí ẹni tí kò ní í tètè kúrò ní Àbújá fi NIN rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tan ìdánilójú onípele méjì, èyí tó ń béèrè PIN oní nọ́ńbà mẹ́fà, kí ẹ sì fi ímeèlì ẹgbẹ́ sí i, kì í ṣe ímeèlì ẹnì kan, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀nà àbáyọ ránṣẹ́ sí bí ẹ bá gbàgbé PIN náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí akápò máa fi káàdì kékeré kan sí i ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kó sì fi pe ẹnì kan. Fífi káàdì sí i láìlò ó kò tó. Bí ẹ bá sì so WhatsApp ẹgbẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ rántí pé bí fóònù tó ni ín bá fi ọjọ́ 14 wà láìṣí, kọ̀ǹpútà náà yóò já kúrò.

Telegram dára jù ú lọ fún ọ̀ràn ìfàlélọ́wọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wọlé lónìí lè ka ohun tí ẹ ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá tò ó bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè pín gúrúùpù kan sí àkòrí: iṣẹ́ tó jáde, ìbéèrè, ètò ìpàdé. Ẹni tó ni gúrúùpù lè fi jíjẹ́ oníǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nínú áàpù gan-an. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Telegram kò gbà kí ẹ fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyàfi bí ẹni tó ń fi sílẹ̀ bá ti tan pásíwọ́ọ̀dù onípele méjì fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ lọ́la, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí lálẹ́ yìí, kò lè ṣe é mọ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi WhatsApp ṣe ìkéde nìkan, kí ádímìn nìkan máa kọ̀wé sí i, kí iṣẹ́ àti ìjíròrò wà lórí Telegram. Ẹ má ṣí ibì kẹta. Slack ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìmọ̀-ẹ̀rọ mọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọn á sì dá a lábàá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sanwó lórí Slack kò lè rí ọ̀rọ̀ tó bá ti ju 90 ọjọ́ lọ. Ìpàdé oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ti di ohun tí ẹ kò lè wò mọ́. Fún ẹ̀ka tó ní èèyàn 40, Slack gba máàkì 2.

Ímeèlì àti Google Drive (3)

Gmail ọ̀fẹ́ kan tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Nǹkan mẹ́ta ló ń bà á jẹ́.

Èkíní ni fáìlì. Ìwé tí akọ̀wé bá fi Gmail tirẹ̀ dá sílẹ̀, tirẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo yín lẹ ń rí i. Lọ́jọ́ tó bá pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, ìwé náà lọ. Ẹ máa fi Gmail ẹgbẹ́ dá ìwé sílẹ̀, kí ẹ tó wá pín in fún àwọn tó máa kọ ọ́. Èkejì ni àyè. 15 GB ni wọ́n fún yín, Gmail, Drive àti àwòrán ló jọ ń jẹ ẹ́. Fídíò ìpàdé mẹ́wàá lè kún un, bó bá sì ti kún, ímeèlì kò ní í wọlé mọ́. Àwọn tó ń kọ̀wé sí yín yóò rò pé ẹ ń fojú pa wọ́n rẹ́ ni. Ẹ gbé fídíò sí YouTube, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Drive.

Ẹ̀kẹta ló le jù, òun ni kóòdù. Bí akọ̀wé tuntun bá wọlé láti orí fóònù tí Google kò mọ̀, yóò ní kó wo fóònù akọ̀wé àtijọ́, akọ̀wé àtijọ́ sì lè wà ní Canada. Google ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá tí ẹ lè tẹ̀ jáde sórí ìwé, ẹ̀ẹ̀kan la ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akápò, kí èkejì wà lọ́dọ̀ alága, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Ẹni tó bá ní kí Google fún òun ní kóòdù tuntun ti sọ ti àtijọ́ di asán, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láìpààrọ̀ ẹ̀dà méjèèjì. Ẹ sì máa wọlé déédéé: àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ fún ọdún méjì, Google lè pa á rẹ́.

Owó: àkáǹtì ẹnì kan, CAC, Paystack

Gbogbo wa la mọ alájọ. Ohun tó mú kí èèyàn fọkàn tán alájọ ni káàdì tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá owó: ohun tó san wà lójú rẹ̀, kì í ṣe nínú orí alájọ. Ẹ̀ka tó ń gba owó sínú àkáǹtì akápò kò ní káàdì yẹn. Kódà bí akápò bá jẹ́ olóòótọ́ pọ́ńbélé, owó ẹgbẹ́ àti owó oúnjẹ ilé rẹ̀ ti dàpọ̀ nínú ìwé àkáǹtì kan. Bó bá ṣàìsàn, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Máàkì 1.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, lábẹ́ Apá F CAMA, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020. Olú iléeṣẹ́ CAC wà ní Tigris Crescent, Maitama, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń ṣe é. Bí ó ṣe yẹ kí ẹ tẹ̀ lé e nìyí. Ẹ kọ́kọ́ parí ìwé òfin ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan àwọn trustee, ìyẹn àwọn alámòójútó tó dúró fún ẹgbẹ́ lójú òfin, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tọrọ orúkọ. Ìdí ni pé 60 ọjọ́ péré ni orúkọ tí wọ́n bá fọwọ́ sí fi ń dúró dè yín. Ẹ ó tún kéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ó kéré tán kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá sì ní àtakò, ọjọ́ 28 ni wọ́n fún un láti sọ ọ́. Ẹni tó tọrọ orúkọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ìwé òfin yóò rí i pé ọjọ́ ti lọ.

Orúkọ tó ní "National", "Federal" tàbí "Chartered" nínú ń béèrè àṣẹ pàtàkì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kí orúkọ trustee nínú ìkéde àti fọ́ọ̀mù bá ti NIN mu lẹ́tà sí lẹ́tà, torí Adébáyọ̀ tó di Adebayor níbì kan tó láti dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ má sì fi àgùnbánirọ̀ ṣe trustee, bó ti wù kó já fáfá tó. Àtipààrọ̀ trustee tún gbà kí ẹ padà sí CAC pẹ̀lú ìwé tuntun àti owó tuntun. Ẹni tó ti kọ́ ilé sí Kubwa, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ilé-ìwé níbẹ̀, ni kí ẹ fi sí i. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, ìròyìn ọdọọdún kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ẹ fi sí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, kì í ṣe ti akọ̀wé.

Báńkì yóò tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ fífọ owó àìmọ́. Ẹni mẹ́ta ni kó lẹ́tọ̀ọ́ láti buwọ́ lùwé, kí ẹni méjì nínú wọn tó fún owó láti jáde. Bí ọ̀kan bá ń lọ, kí ẹ mú ìpinnu ìpàdé tí alága àti akọ̀wé buwọ́ lù lọ sí báńkì kí onítọ̀hún tó kúrò nílùú.

Ẹ̀ka tí kò tíì pé ọdún kan, tí kò tíì tó ọgbọ̀n èèyàn, kò nílò wàhálà yìí. Ẹ wá ẹgbẹ́ kan tó ti forúkọ sílẹ̀ tó máa bá yín gbé owó dání, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: pé owó náà kì í ṣe tiwọn, pé wọn yóò san án jáde láàárín ọjọ́ 7 tí ìwé ìbéèrè bá dé, àti ibi tí owó ń lọ bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì bá tú ká. Ìwé ojú kan péré ló jẹ́.

Fún gbígba owó, Paystack (4), iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni a fara mọ́. Ojú-ìwé ìsanwó kan ni ẹ ó ṣe, ẹni tó san gba rìsíìtì sórí ímeèlì lójú ẹsẹ̀, ìyẹn káàdì alájọ nìyẹn. Ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ lè ní ìwọlé tirẹ̀, ẹ sì lè yọ ẹni tó bá lọ láìpààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni. Iye tí wọ́n ń yọ ni 1.5% pẹ̀lú ₦100, ṣùgbọ́n wọn kì í yọ ₦100 náà lórí owó tí kò tó ₦2,500. Ká ní owó ẹgbẹ́ jẹ́ ₦6,000 lọ́dún. Ẹni tó san án lẹ́ẹ̀kan, ₦190 ni wọ́n yọ. Ẹni tó san ₦2,000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ₦90. Fún èèyàn 40, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,000 lọ́dún. Àwọn kan á ní kí ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ìyẹn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Akápò tó ń lé èèyàn 40 kiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún yóò kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹ kò sì lè fi ₦4,000 ra akápò.

Ibi ìpàdé

Gbọ̀ngàn tó lẹ́wà ní àárín Maitama, tí kò sí ọkọ̀ èrò tó ń kọjá níwájú rẹ̀, kò wúlò fún ẹ̀ka wa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti Kubwa, láti Lugbe lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, láti Nyanya àti Mararaba tó ti bọ́ sí ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ibi tó yẹ ni ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Berger, láti Banex, tàbí láti Area 1. Yàrá ìpàdé nínú ibi iṣẹ́ àjùmọ̀lò ní Wuse 2 tàbí Utako sábà máa ń kúnjú òṣùwọ̀n yìí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ilé náà wà lórí Band A, ìyẹn àwọn tí AEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní Àbújá, gbọ́dọ̀ fún ní iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́. Ẹ béèrè bóyá owó jẹnẹrétọ̀ wà nínú iye tí wọ́n pè tàbí wọ́n á dá a gbà lọ́tọ̀, àti iye tí wọ́n máa dá padà bí ẹ bá sún ọjọ́ síwájú. Kí ẹnì kan fojú ara rẹ̀ rí pùròjẹ́tọ̀ náà níbi tó ti ń tàn. Ihò HDMI ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, laptop tuntun kò sì ní í mọ́, nítorí náà kí ohun ìsopọ̀ USB-C wà nínú àpò ẹgbẹ́ pẹ̀lú okùn ìtànkálẹ̀ iná méjì.

Sátidé, aago 11 sí aago 1, ló dára jù. Bó bá kọjá aago 2, ayẹyẹ ìgbéyàwó yóò gba ìdajì èèyàn lọ́wọ́ yín. Ní oṣù Ramadan, ẹ fà á sí aago 10 kí ẹ má sì gbé oúnjẹ wá. Fún èèyàn 35, àpò piọ́ wọ́tà méjì tó, torí 20 ló wà nínú ọ̀kan.

Ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá láti Mararaba kì í ṣe àsọyé. Àsọyé wà lórí YouTube. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni kí àwọn akẹgbẹ́ rẹ jókòó ti ìwé tí ìwọ kọ. Ẹ fún àsọyé ní ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fún àyẹ̀wò ìwé ní 45. Ẹnì kan mú ojú-ìwé kan wá, kó má ju ọ̀rọ̀ 600 lọ. Ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan náà rí ṣí i lójú gbogbo èèyàn, ó ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ ohun tó ń rò sókè. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ń kọ ibi tí ẹni náà ti dúró àti iye ìṣẹ́jú tó fi dúró. Bí òǹkọ̀wé bá la ẹnu, tó ní "ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé", àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́, torí ẹni tó máa lò ó ní ilé kò ní í rí i bi léèrè.

Ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gba àlàyé púpọ̀. Zoom ọ̀fẹ́ ń já ní ìṣẹ́jú 40, Google Meet ọ̀fẹ́ ní 60 bí ẹ bá ti pé mẹ́ta. Meet fún ìgbìmọ̀ tí ẹ bá fẹ́ parí ní ìṣẹ́jú 55. Zoom fún àsọyé tí ẹ bá fẹ́ gbà sílẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ rẹ̀ ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó pe ìpàdé, Meet ọ̀fẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo èèyàn pa fídíò àfi ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Dátà wọ́n.

GitHub (5)

Èyí nìkan ló gba máàkì pípé lọ́wọ́ wa, a kò sì ní í tọrọ àforíjì fún un. Orgánísáṣọ̀n (àkáǹtì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́) kan lórí GitHub, ojú-òpó tí àwọn èèyàn ti jọ ń tọ́jú fáìlì, kò béèrè kọ́bọ̀, ó gba oníǹkan tó ju ẹnì kan lọ, ohun gbogbo tí ẹnikẹ́ni bá yí padà ní orúkọ àti ọjọ́ lára. Ẹni tó bá lọ, ẹ yọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Ìwé òfin, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ètò ọdún, àwòṣe lẹ́tà sí olùbánisọ̀rọ̀: gbogbo rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀ nínú Markdown, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú àmì díẹ̀ fún àkòrí àti ìlà. GitHub Pages yóò sọ ọ́ di ojú-òpó tí ẹ kò sanwó fún. Fáìlì tó bá ju 100 MB lọ kò ní í wọlé, ìyẹn sì dáa, torí fídíò kò yẹ níbẹ̀.

Issue, ìyẹn ojú-ìwé tí GitHub ní fún títo iṣẹ́, ni ẹ ó fi ṣe ètò ìpàdé. Ẹ kọ àwòṣe kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa ṣí i lóṣooṣù. Ohun tó wà nínú rẹ̀: ọjọ́ 21 ṣáájú, olùbánisọ̀rọ̀ ti fọwọ́ sí i lórí ìwé, ọjọ́ 14, owó ìdákọ́ gbọ̀ngàn ti lọ, ọjọ́ 10, ìkéde jáde, ọjọ́ 3, ìránnilétí, ọjọ́ 1, ẹnì kan pe gbọ̀ngàn ní fóònù. Lẹ́yìn ìpàdé, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí 72. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹnì kan, kì í ṣe "ìgbìmọ̀". Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ni, kò sí ẹni tó ni ín.

Wọ́n máa ń ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun kò mọ Git, ètò tó ń ṣọ́ àyípadà fáìlì lábẹ́ GitHub. Wọn kò nílò rẹ̀. Bírò kékeré tó wà lókè fáìlì lójú-òpó GitHub tó láti tún ìlà kan ṣe kí wọ́n sì fi pull request ránṣẹ́, ìyẹn ìbéèrè pé kí ẹ gba àtúnṣe wọn wọlé. Fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, pull request márùn-ún tó ti wọlé, tí àgbà kan nínú iṣẹ́ ti kọ èrò sí, jẹ́ ẹ̀rí tó ṣeé fi han agbaniṣíṣẹ́. Ìyẹn nìkan tó ìdí láti darapọ̀ mọ́ ẹ̀ka.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́. Ẹni tó bá sọ fóònù rẹ̀ nù láìní kóòdù ìgbàpadà lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀ pátápátá, nítorí náà oníǹkan kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì ọmọ ẹgbẹ́ sínú ibi tí gbogbo ayé lè kà. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kékeré náà, ohun tí ẹ kò bá sì gbà lọ́wọ́ èèyàn, kò lè jò lọ́wọ́ yín. Orúkọ àti ímeèlì tó fún ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ẹ̀kẹta jẹ́ tiwa Yorùbá gan-an. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì. Lẹ́tà bí ọ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Ọ̀nà tó lé ní ẹyọ kan ni kọ̀ǹpútà lè gbà tò ó pọ̀, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó wá "ìgbìmọ̀" lórí Windows lè má rí èyí tí wọ́n tẹ̀ lórí Mac. Inú ìwé ni kí àmì wà, kó pé, kó sì dára. Kí orúkọ fáìlì jẹ́ "akosile-ipade-2025-03.md".

Ẹgbẹ́ àgbà tí ẹ fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀

Write the Docs, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìwé ìmọ̀-ẹ̀rọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní Portland ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, rọrùn jù láti dára pọ̀ mọ́. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń darí ìpàdé ìlú kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í gba owó ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ ń rí gbà ni orúkọ tí àwọn èèyàn mọ̀ àti ìlànà ìwà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ISTC wà. Ní Jámánì, tekom wà, wọ́n sì tóbi. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà fún ìgbà pípẹ́, STC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953, kéde ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé òun ń kógbá wọlé nítorí gbèsè. Ó ní àwọn ẹ̀ka. Ẹ̀ka tí ojú-òpó, ímeèlì àti àkójọ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àgbà, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ayálégbé ni òun. Ẹ gba orúkọ wọn, ẹ gba ìlànà wọn, ṣùgbọ́n kí orúkọ ojú-òpó àti ímeèlì tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀ka Àbújá.

Ìwé kọ́kọ́rọ́

Gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò yìí ni kó wà lórí ìwé ojú méjì: orúkọ iṣẹ́ náà, ẹni tó ni ín, ẹni kejì tó lè wọlé, ọjọ́ tí owó rẹ̀ tàbí àkókò rẹ̀ ń parí, ibi tí kóòdù ìpamọ́ wà. Kí pásíwọ́ọ̀dù má sí nínú rẹ̀ rárá. Ọdún kan ni sáà oyè, kí ẹni tuntun sì bá ẹni àtijọ́ ṣe oṣù méjì pọ̀ kó tó gbà á. Bí àgùnbánirọ̀ bá wà nínú ìgbìmọ̀, oṣù kẹsàn-án ìsìn rẹ̀ ni kí oṣù méjì náà bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ dán ìwé náà wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí ẹ ti ń dán ìwé ẹlòmíràn wò nínú ìpàdé. Ẹ fún ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ní ìwé kọ́kọ́rọ́ àti laptop tí kò lò rí, kó gbìyànjú láti wọ ímeèlì, kó fi ìkéde kan sí WhatsApp, kó rí iye tó wà nínú Paystack. Akọ̀wé jókòó tì í, kò sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹni náà bá ti gbójú sókè wo akọ̀wé, ìlà yẹn ni kí ẹ tún kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà náà ni èyí tó kàn sọ pé "ẹ fi kóòdù wọlé", tí kò sọ orí fóònù tí kóòdù yóò dé sí àti ọ̀dọ̀ ẹni tí fóònù náà wà.